Ajẹ́lẹ̀ Tó Wà Lọ́mọ-ìka Ẹsẹ̀ Bàbá Akódà

Ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró yẹn ní àfẹ̀mọ́jú ní àdúgbò wa ní Ìgbó-Ọrà, tí ẹ sì jẹ́ àlejò, ẹ ó rò pé obìnrin kan ló ti jí tó ń rin ẹ̀gẹ́. Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ o. Gìgísẹ̀ ni. Bàbá Akódà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orúnkún òsì, tó ń fi àpáàdì ha á. Ìyẹ̀fun funfun ń já bọ́ sílẹ̀, àwọn adìẹ sì ń sáré wá wò ó bóyá oúnjẹ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, àkùkọ kan tiẹ̀ ṣà nínú rẹ̀ jẹ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi kọ. Ẹ lè má gbà mí gbọ́. Àkùkọ náà ti kú, n ò lè pè é wá jẹ́rìí.

Ògiri kan ṣoṣo ló la ilé wọn àti ilé wa. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tó wà nígbà yẹn lọ báyìí, nítorí náà n ó máa pè é ní "ó" nínú ìtàn yìí. Kó má bínú. Akódà ni wọ́n ń pe ìránṣẹ́ kóòtù láyé ìjọ́un, ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ kiri gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá. Ó ti fẹ̀yìntì nígbà tí mo gbọ́njú mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìntì. Ó ní lọ́jọ́ kan òun gbé ìwé lọ fún ọkùnrin kan ní Ìgangan, ọkùnrin náà ti sá lọ sí Tápà. Òun bá a dé Tápà, ó ti sá lọ sí Ìdèrè. Nígbà tí ọkùnrin náà fi máa dé Ìdèrè, òun ni ó bá lẹ́nu ọ̀nà tí òun ń fi igi ta eyín.

"Bàbá, kò wá rẹ̀ yín?"

"Ta ni yóò rẹ̀? Ọkùnrin yẹn ló rẹ̀. Èmi ni mo fún un lómi mu kí n tó fún un níwèé."

Gbogbo àdúgbò ló máa ń gbé ẹsẹ̀ tó bá ń dùn wọ́n wá bá a. Á wò ó, á tẹ̀ ẹ́, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á sì sọ ọ̀nà tí onítọ̀hún gbà rìn lánàá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò sàn. Kókó líle kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ìka tó kéré jù lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀, tó dà bí èkùrọ́ tí wọ́n rì mọ́ ẹran ara. Yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀, èmi nìkan ni mo rí i, nítorí pé mo máa ń yọjú lórí ògiri. Ó pe kókó náà ní Ajẹ́lẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń pè é ní Ajẹ́lẹ̀?"

"Ó jókòó síbì kan, kò ṣiṣẹ́ kankan, gbogbo ara ló sì ń pàṣẹ fún."

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tu Ajẹ́lẹ̀ lójú. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Akódà á pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní fi "ìyá" kankan ṣáájú rẹ̀, obìnrin náà á sì gbé omi gbígbóná oníyọ̀ jáde pẹ̀lú òrí. Mo máa ń gbóòórùn òrí náà láti ilé wa bó bá ti ń yọ́ lórí iná. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, obìnrin náà kú. Láti ọjọ́ náà ni n ò ti gbóòórùn òrí láti ilé kejì mọ́. Ìró àpáàdì nìkan ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ tó kó wa sọ́nà. Kí ìyàwó yìí tó kú, wọ́n ti fi ọmọbìnrin wọn fọ́kọ ní Èrúwà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bàbá ọkọ ìyàwó, ọkùnrin sísanra kan tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, wo bí Bàbá Akódà ṣe ń gbé ẹsẹ̀ òsì.

"Àna wa, ẹsẹ̀ yìí ti fẹ́ fẹ̀yìntì o! Ẹ máa fi mọ́tò wá kí wa."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Akódà dìde. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí. Ọjọ́ tí ọmọ mi bá bímọ, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni n ó fi rìn láti Ìgbó-Ọrà dé Èrúwà. N ó dé kí ààfáà tó wúkọ́. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni n ó sọ ọmọ lórúkọ. Bí n ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní orúkọ tó bá wù yín."

"Ṣé ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yín?"

"Kóòtù ni mo ti ṣiṣẹ́. Mo dúró lé e."

Ẹnu lásán ni nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ìyàwó kú, ọmọ wọn tó wà ní Èrúwà sì bí obìnrin kò pẹ́ sí i. Wọ́n ní kí wọ́n sáà sọ ọmọ ní Ìyábọ̀. Bàbá Akódà ní rárá, Ìyábọ̀ wà fún ìyá gbogbo ayé, orúkọ tí òun máa ń pè ní ìrọ̀lẹ́ ni òun ń fẹ́. Àna Èrúwà sì ti ní orúkọ ìyá tirẹ̀ nílẹ̀, kò fi bò. Ọ̀rọ̀ tí a fi rẹ́rìn-ín níjọ́sí wá di ọ̀rọ̀ gidi.

Ìdí rèé tó fi ń ha gìgísẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Ó ti kírun àárọ̀, ó ti fi òrí sí àárín àwọn ọmọ-ìka, ó ti tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù sínú bàtà táyà rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn wa.

"Ìyá Akọ̀wé, ẹ yá mi lọ́mọ yín. Mo nílò ẹlẹ́rìí tó mọ̀wé."

Èmi ni Akọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì lè kọ orúkọ mi láìfi ahọ́n yọ síta. Ìyá mi ní n ò lè fẹsẹ̀ lásán lọ sílé àna ẹlòmíì. Ó gbé bàtà kánfáàsì funfun tí wọ́n rà fún mi nígbà Iléyá jáde. Wọ́n rà á tóbi kí n lè dàgbà bá a. N ò tíì bá a. Ìyá mi ki àkísà sí iwájú rẹ̀, ó so okùn rẹ̀ le, mo sì ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀.

A ò tíì kọjá ilé tó gbẹ̀yìn ìlú tí mo fi bèèrè pé, "Bàbá, ṣé Èrúwà jìnnà?"

Bàbá Akódà bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń bo etí ọmọ. "Ẹnu rẹ! Ẹsẹ̀ ń gbọ́! Bó bá gbọ́ orúkọ ibi tó jìnnà báyìí, láti ibí ni á ti máa rẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé ìdí igi máńgòrò yẹn là ń lọ."

"Ìdí igi máńgòrò yẹn là ń lọ," ni mo sọ sókè.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀yin ẹsẹ̀, ẹ ti gbọ́."

Bí a bá dé ìdí igi náà, á kí wọn kú iṣẹ́, á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, á sì ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbàgbé nǹkan kan sí ìdí igi ìgbá tó wà níwájú. Báyìí la ṣe ń tan ẹsẹ̀ wa láti igi dé igi. Mo lè búra pé ẹsẹ̀ mi gbà á gbọ́. Òfin kejì ni pé a ò gbọ́dọ̀ jókòó. Ó ní bí ènìyàn bá jókòó, ìrora náà á jókòó, ènìyàn á dìde, ìrora ò ní fẹ́ dìde mọ́.

Mọ́tò ń kọjá, wọ́n ń fọn fèrè. Ọ̀kan dẹ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọkùnrin tó so rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì ké sí wa.

"Bàbá, ẹ wọlé! Àbí ẹ bá mọ́tò jà ni?"

"Ẹ máa lọ! N ó bá yín níwájú níbi tí ẹ ti ń tì í!"

"Bàbá, táyà mà lẹ wọ̀ sẹ́sẹ̀! Ẹ ti wọ mọ́tò ní ìlàjì náà!"

Àwọn èrò inú mọ́tò pariwo ẹ̀rín. Bàbá Akódà wo bàtà rẹ̀, ó wo mọ́tò tó ń lọ, ó tún wo bàtà rẹ̀.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lára nígbà tí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ẹni tí ìjàlọ ń jẹ. Mo pa á mọ́ra títí tí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá Akódà ní kí n di igi kan mú, ó gbé ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ wo pátákò ẹṣin. Gìgísẹ̀ mi ti lé ròrò, omi kún inú rẹ̀ ó tóbi tó ẹyin. Ó dára, ẹyin ẹyẹlé. Bàbá Akódà wọ inú oko kan, ó já ẹ̀gún ọsàn, ó ṣáná sí ẹnu rẹ̀.

"Má wò ó. Ka A, B, D fún mi."

"A, B, D, E, yééè!"

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ti lù ú, kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bó awọ rẹ̀ o. Awọ yẹn ló ń bo ọgbẹ́ náà. Bí o bá ṣí i, eruku á wọlé, á gbé ibẹ̀, á bímọ."

Ó fi òrí sí i, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti inú bàtà tirẹ̀ bò ó, ó fa etí bùbá rẹ̀ ya, ó fi dì í. Lẹ́yìn náà ó fi okùn bàtà kánfáàsì mi so méjèèjì pọ̀, ó gbé wọn kọ́ mi lọ́rùn. Mo rí i tó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó wọ ti ọ̀tún sí òsì, ó wọ ti òsì sí ọ̀tún.

"Bàbá, ẹ wọ̀ ọ́ gbòdì."

"Mo mọ̀. Ìrora ti mọ ilé jù. Jẹ́ kó délé kó bá àlejò níbẹ̀. Á ṣì máa bi í pé ta ni ọ́, níbo lo ti wá. Kí wọ́n tó mọ ara wọn tán, a ti débi tí à ń lọ."

Kò pẹ́ tí ìrora àti àlejò fi mọ ara wọn. Ewé tó ń gba Ajẹ́lẹ̀ sílẹ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ mi. Bàbá Akódà ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ iná. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún, ó ní rárá, òun ń kí ilẹ̀ ni. Nígbà tó yá ó dúró. Òógùn bò ó. Ó wo oòrùn, ó wo ọ̀nà tó lọ gbọọrọ níwájú, igi máńgòrò kankan ò sí níbẹ̀ tí a lè fi tan ẹnikẹ́ni. Ó wá pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ohùn tó fi ń pe omi gbígbóná ní ìrọ̀lẹ́ ni.

Lọ́rì kan ló yọ. Òfìfo ni, ó ń lọ kó èédú. Bàbá Akódà na ọwọ́, lọ́rì dúró. Kí a tó gùn ún, ó kọjú sí mi bí adájọ́.

"Akọ̀wé, kí ni mo sọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó?"

"Ẹ ní ẹsẹ̀ yín méjèèjì lẹ ó fi rìn láti Ìgbó-Ọrà dé Èrúwà."

"Ǹjẹ́ mo sọ ohun tí yóò wà lábẹ́ wọn?"

Mo ronú. "Ẹ ò sọ."

"Gùn ún."

Ohun tí mo rí lẹ́yìn lọ́rì ọjọ́ náà, bí mo bá ní kí n sọ ọ́ ní ilé ẹjọ́, wọ́n á tì mí mọ́lé. Bàbá Akódà kò jókòó. Ó di igi ẹ̀gbẹ́ lọ́rì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ojú kan ló wà, ó ń rìn. Gbì, gbì, gbì lórí pákó. Bí lọ́rì bá ń gun òkè, á tẹ̀ síwájú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, á fara sẹ́yìn kó má baà ṣubú. Nígbà tí màlúù dá wa dúró lójú ọ̀nà, ó dá ẹsẹ̀ dúró, ó ní "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá," màlúù kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ padà. Ó ní kí èmi náà dìde kí n rìn. Mo ní ẹlẹ́rìí ni mí. Mo jókòó sórí táyà àfirọ́pò, mo ń jẹ́rìí.

Ó ní kí wọ́n já wa sílẹ̀ kí a tó wọ ìlú. Ó bu eruku, ó fi ra ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ó fi ra tèmi náà. A rìn wọlé. Ìyókù ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ gidi ni.

Ààfáà ti gbé ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tíì wúkọ́. Àwọn ènìyàn pọ̀ lórí ẹní, ẹran àgbò ti ń ta sánsán lẹ́yìnkùlé. Àna Èrúwà rí wa, ojú rẹ̀ fẹ̀.

"Haà! Àna wa! Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi wá lóòótọ́?"

"Ẹ má bi mí. Mo mú ẹlẹ́rìí wá. Ọmọ ilé-ìwé ni."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo rí Bàbá Akódà: kò fi ojú bẹ̀ mí, kò ṣẹ́jú sí mi. Ọmọ inú aṣọ funfun yẹn ló ń wò. Mo ní, "Láti ìgbà tí a ti jáde nílé, Bàbá ò jókòó rí. Ẹsẹ̀ wọn ò sinmi."

"Ó parí," ni Àna Èrúwà wí, tòun ti ìmí ẹ̀dùn. "Ẹ sọ orúkọ yín."

Bàbá Akódà sọ ọ́. Ààfáà pè é sí ọmọ létí, ó pè é síta, gbogbo ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ní ilé àwọn Mùsùlùmí wa, bí orúkọ bá ti jáde báyìí, ó ti jáde náà nìyẹn, kò sí ẹni tó ń dá a padà. N kò ní kọ orúkọ náà síbí. Ẹni tó ń jẹ́ ẹ ti di ìyá àgbà, ó lẹ́nu.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nígbà tí awakọ̀ lọ́rì wọlé. Ilé kejì ló ń gbé! Ó wá jẹ sàráà kó tó lọ kó èédú rẹ̀. Ó rí Bàbá Akódà, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ̀yin bàbá tó ń jó! Ẹ gbà mí o! Mo rò pé ewúrẹ́ ló ń takìtì lẹ́yìn mi láti ọ̀nà Ìgbó-Ọrà! Bàbá, ijó wo lẹ̀ ń jó lórí mọ́tò yẹn?"

Mo dá òkèlè ọwọ́ mi padà sínú àwo. Àna Èrúwà wo èmi, ó wo Bàbá Akódà. Bàbá Akódà dìde láti ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó la ẹnu. Ẹsẹ̀ òsì kọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ gbì, bàtà táyà fò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gbogbo wa sì rí i: ọmọ-ìka tó wú bí ata, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ eruku.

Mo ń dúró de ẹ̀rín. Mo mọ irú ẹ̀rín tó lè ti ẹnu ọkùnrin sísanra yẹn jáde. Ṣùgbọ́n ó rọra dìde, ó wá lóṣòó síwájú Bàbá Akódà tòun ti ikùn rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan ara rẹ̀. Kò bi í ní ìdí tó fi ṣe é. Kò bi í bóyá ó ń dùn ún.

"Níbo?" ló wí.

Ọkùnrin tó sá tẹ̀lé arúfin láti Ìgangan dé Ìdèrè, ó na ìka kan, ó ní, "Ibí yìí." Ó tún wá ní, "Òun ló máa ń bá mi ra á."

Àna Èrúwà ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá, kí wọ́n fi iyọ̀ sí i, kí wọ́n wá òrí. Ó ń fọ ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń fọ ife dígí. "Orúkọ ti wọlé," ló wí, "kò lè jáde mọ́. Ẹni tó ń jẹ́ ẹ ni kò tíì lè di òrí mú. Ẹ jẹ́ kí n máa bá a ṣe é títí yóò fi dàgbà."

Ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Awakọ̀ náà ń nu ojú, kò sì mọ ohun tó ń sunkún fún.

"Ṣùgbọ́n mọ́tò lẹ máa fi padà sílé," ni Àna Èrúwà wí.

Bàbá Akódà ronú sí i. "Ní ìjókòó ni, àbí ní ìdúró?"

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní Tápà. Ìjókòó ló fi padà, àwa méjèèjì sì sùn dé Ìgbó-Ọrà. Lọ́sẹ̀ kejì, mọ́tò já Àna Èrúwà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Akódà. Mo gbóòórùn òrí láti ilé wa.

Èmi náà ti ń rìn báyìí. Dókítà ní ṣúgà wà lára mi, kí n máa rìn láràárọ̀, àwọn ọmọ sì ra bàtà kan fún mi tí wọ́n ní afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo ṣì ń fi òrí sí àárín ọmọ-ìka. Èmi àti ẹsẹ̀ mi ṣì ń dọ́gbọ́n síra wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́n jù mí lọ. Àwọn ọmọ máa ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé ó ń dùn yín?" Mo máa ń ní rárá. Kí ni kí n sọ? Bí wọ́n bá ti bi ọkùnrin báyẹn, irọ́ ló máa pa.

Ohun tí mo mú bọ̀ láti Èrúwà nìyí o, tí n ò tíì sọ kalẹ̀: bí mo bá rí ẹni tó ń tiro, n kì í bi í bóyá ó ń dùn ún. Mo máa ń lóṣòó, orúnkún á dún bí igi gbígbẹ, mo máa ń di ẹsẹ̀ náà mú, mo máa ń ní, "Níbo?" N ò tíì rí ẹni tí kò nawọ́ síbẹ̀. Nínawọ́ náà kì í ṣòro. Dídìde mi lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ń gba ènìyàn méjì.